Bí Ẹsẹ̀ Méjèèjì Bá Ń Wúwo, Ẹ̀yìn Ni Kí Wọ́n Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yìn dídùn kò ṣàjèjì nínú ilé kankan. Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sórí ebè láti àárọ̀, ìyá tó pọn ọmọ káàkiri ọjà, awakọ̀ tó jókòó láti Èkó dé Kánò, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀yìn dídùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani. Bí ẹni náà bá dín iṣẹ́ kù, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó sì lo oògùn ara ríro bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ara rẹ̀ á balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àmọ́ ẹ̀yìn dídùn kan wà tí kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó lè máa dunni lóru ju ọ̀sán lọ, ìsinmi kì í sì í mú un rọlẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹsẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ti ẹni tó ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣi ọ̀nà gbà. Àwọn kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àwọn kan á ní làkúrègbé ni, àwọn míì á sì ní ẹni náà ti gbẹ́sẹ̀ lé ohun tí ọ̀tá gbé kalẹ̀ dè é. Wọ́n á ti se àgbo, wọ́n á ti sín gbẹ́rẹ́, wọ́n á ti gbààwẹ̀, oṣù mẹ́ta á sì ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá nǹkan kan ló ń tẹ okùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni oṣù mẹ́ta yẹn. Òun ló sábà máa ń ya ẹni tó máa tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ní lè rìn mọ́.

Okùn tí kò nípọn ju ọmọ ìka lọ

Eegun kéékèèké 33 ni wọ́n tò léra tó di ọ̀pá ẹ̀yìn èèyàn: 7 ní ọrùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìbàdí, àwọn tó kù sì lẹ̀ mọ́ra di eegun ìdí. Ihò wà láàárín wọn bí ihò ìlẹ̀kẹ̀. Bí òwú ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni okùn kan ṣe ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba inú àwọn ihò náà. Kò nípọn ju ọmọ ìka ọwọ́ lọ. Nínú àgbàlagbà ọkùnrin, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, òkè ìbàdí ló sì dúró sí. Ara rẹ̀ ni iṣan ti ń yà ní méjì-méjì lọ sí ọwọ́, àyà, ikùn, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ojú ara.

Gbogbo àṣẹ tí ọpọlọ bá pa fún ẹsẹ̀, inú okùn yìí ló ń gbà kọjá. Bí ilẹ̀ bá gbóná, bí ẹ̀gún bá gún àtẹ́lẹsẹ̀, bí àpò ìtọ̀ bá kún, inú rẹ̀ náà ni ìròyìn ń gbà padà sókè. Okùn náà rọ̀, kò sì lè gbé ìnira. Torí bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe fi eegun yí i ká. Ṣùgbọ́n eegun tó ń dáàbò bò ó yìí kan náà ni kò jẹ́ kó ráyè yẹra bí nǹkan bá wọlé tọ̀ ọ́. Ì báà ṣe ọyún, ì báà ṣe kókó, ì báà ṣe eegun tó ṣẹ́, ohunkóhun tó bá wọ inú ihò tóóró yẹn, okùn náà ló máa tẹ̀.

Ẹni tó bá ti fi rọ́bà bomi rin ewébẹ̀ rí á mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Bí ẹnì kan bá tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀, omi á dín kù, á wá dá. Tó bá tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò, omi á tún máa ṣàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ táyà ọkọ̀ ló gorí rẹ̀, tó sì pẹ́ níbẹ̀ títí rọ́bà fi là, gbígbé ọkọ̀ kúrò nìkan kò tún un ṣe mọ́. Bí okùn ẹ̀yìn ṣe rí gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ dáadáa, á wú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ibi tó bá sì ti kú, kì í hù padà bí awọ ara ṣe ń hù.

Àmì tí kò yẹ kí ilé kankan fojú fò

Ibi tí wọ́n ti tẹ okùn náà ló ń pinnu ibi tí àmì máa ti hàn. Tó bá jẹ́ ní ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń kàn. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn àyà, ọwọ́ á le koko, ẹsẹ̀ nìkan ló máa rọ. Àwọn àmì tó yẹ kó gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìwòsàn nìwọ̀nyí:

- Ẹ̀yìn tàbí ọrùn tó ń dunni lójú kan náà lọ́sàn-án lóru, pàápàá tó bá ń le sí i nígbà téèyàn bá dùbúlẹ̀, tó bá wúkọ́ tàbí tó bá sín.
- Ìrora tó yí àyà tàbí ikùn ká bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já di ẹni náà le.
- Ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wúwo, tó ń le gan-an tàbí tó ń gbọ̀n, tí èèyàn fi ń kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.
- Ara tó kú tàbí tó ń ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀, láti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè.
- Ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò wá mọ́, tàbí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó ń bọ́ láìròtẹ́lẹ̀, tàbí abẹ́ tó kú tí ẹni tó jókòó kò mọ̀ pé òun jókòó.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú àmì wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ tún kọ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ẹsẹ̀ tó rọ, tí wọ́n á wá máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà sábà máa ń dé lójijì, apá kan ara ló sì ń mú: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹnu lè wọ́, ọ̀rọ̀ lè lọ́. Òun náà kò ṣeé dúró lé, ilé ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń rọ, tí ẹnu kò wọ́, tí ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká, ẹ̀yìn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò wúkọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń pè ní TB, ń bá jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé eegun, nínú gbogbo eegun ara sì rèé, ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń mú jù. Tó bá débẹ̀, á máa jẹ iwájú eegun díẹ̀díẹ̀ títí eegun á fi rún, èyí tó wà lókè á wá tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn á sì yọ gọngọ. Ohun tí Yorùbá ń pè ní iké nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo iké ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà, wọ́n máa ń bí òmíràn mọ́ni. Àmọ́ ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún tẹ́lẹ̀, tí iké wá ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn ni, kì í ṣe àmúwá ayé. Ọyún tó kóra jọ níbẹ̀ àti eegun tó rún ló ń tẹ okùn tí ẹsẹ̀ fi ń rọ.

Láti ọdún 1779 ni Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú London, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iké yìí àti ẹsẹ̀ rírọ máa ń rìn pọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn dókítà fi ń pe àrùn náà títí dòní. Nígbà ayé Pott, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń fà á. Ọdún 1882 ni Robert Koch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó kéde pé òun ti rí kòkòrò náà. Lónìí, wọ́n mọ kòkòrò, wọ́n sì ní oògùn rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí aláìsàn tètè dé ibi tí oògùn wà.

Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá mú ní ẹ̀yìn lè má wúkọ́ rárá. Ohun tí ilé máa rí ni pé ó ń rù, kò lè jẹun, ara rẹ̀ ń gbóná nírọ̀lẹ́, aṣọ tó fi sùn ń tutù fún òógùn. Ọmọdé kì í sábà lè ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, àmọ́ ìṣe rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kó mú nǹkan nílẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ̀yìn; á lóṣòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á gan, ọwọ́ kan á wà lórí itan, kó tó fi ọwọ́ kejì mú nǹkan náà. Ó lè máa ké lójú oorun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àwọn ibùdó ìtọ́jú ìjọba káàkiri Nàìjíríà. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀ fún oṣù 2 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dín in kù sí méjì. Oṣù 6 ni ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fa ti ẹ̀yìn gùn dé oṣù 9 tàbí 12. Ọ̀kan nínú oògùn náà máa ń sọ ìtọ̀ di pupa bí omi ọsàn. Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ń ba ìtọ́jú jẹ́ jù ni pé lẹ́yìn oṣù 2, ìrora á ti lọ, ara á ti bọ̀ sípò, aláìsàn á wá dá oògùn dúró. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù á wá gbó sí oògùn, èyí tó wò sàn nírọ̀rùn tẹ́lẹ̀ á sì di ìṣòro ńlá. Ọ̀pọ̀ ló ń fi oògùn nìkan padà dìde. Iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ sí i láìka oògùn sí, tàbí tí ọyún pọ̀ jù, tàbí tí eegun ti wó jù.

Bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún

Nínú àwọn àgbàlagbà, jẹjẹrẹ ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nínú ọkùnrin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ara prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, fẹ́ràn eegun ẹ̀yìn gan-an. Nínú obìnrin, jẹjẹrẹ ọmú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá á ti máa dìde tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún, á ti máa fúnra kí ìtọ̀ tó jáde, á sì ti máa sọ pé ìbàdí ń ro òun. Àwọn ọmọ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, àgbà ló dé." Ìtọ̀ òru lè jẹ́ àgbà lóòótọ́, ìbàdí ríro náà lè jẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan, tí ẹsẹ̀ tún wá ń wúwo, kò yẹ kí ìdílé dúró. Bákan náà ni ìyá tó ti ní kókó lọ́mú rí, tí ẹ̀yìn wá ń dùn ún lóru, kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ra.

Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ló ń tẹ okùn náà, àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú kí wíwú inú okùn náà fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ láti gbé ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kúrò, ó sì lè jẹ́ ìtọ́jú onítànṣán. Fún jẹjẹrẹ prostate, abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ tó ń dá omi ara ọkùnrin dúró lè mú kí jẹjẹrẹ náà sún kì. Wọn kì í sábà lè lé jẹjẹrẹ tó ti dé eegun lọ pátápátá, àmọ́ wọ́n lè mú kí bàbá máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé àgbàlagbà lọ gbé bọ̀ rí ló mọ bí ìyẹn ti tó.

Ní ọdún 2005, ìwé ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà jáde. Aláìsàn 101 tí jẹjẹrẹ ń tẹ okùn ẹ̀yìn wọn ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan kí wọ́n tó fún wọn ní ìtọ́jú onítànṣán. Ìtọ́jú onítànṣán nìkan ni wọ́n fún àwọn yòókù. Nínú àwọn 50 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 42 ló lè rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn 51 yòókù, 29. Àmọ́ ohun tó yẹ kí ìdílé fi sọ́kàn jù ni ti àwọn tí kò lè rìn mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ní apá kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 10 ló tún dìde. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 3 péré. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ló ní ìrètí jù láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Ọrùn tó ń gbó

Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun kan sí èkejì ń gbẹ, eegun á sì máa hù ní etí. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò ju kí ọrùn máa ro wọ́n lọ. Nínú àwọn díẹ̀, ihò okùn á fún. Èyí kì í fìbínú dé. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: bọ́tìnì á ṣòro láti dè, òwú kò ní wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ìkọ̀wé á dà rúdurùdu, kọ́bọ̀ á máa bọ́ lọ́wọ́. Tí ẹni náà bá tẹ orí síwájú, á dà bíi pé iná mànàmáná gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á gan. Ohun tí iṣẹ́ abẹ ń ṣe jù fún irú èyí ni pé kó má burú sí i mọ́. Èyí tó bá ti lọ lè má padà tán, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n dúró dìgbà tí ẹni náà kò bá lè rìn mọ́. Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ni onígbàjámọ̀ máa fi ọwọ́ méjèèjì lọ́, kó sì ró kà.

Lójú títì àti nísàlẹ̀ ọ̀pẹ

Okùn tí jàǹbá bá bà jẹ́ kì í fúnni ní oṣù mẹ́ta, kódà kì í fúnni ní ọjọ́ mẹ́ta. Jàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà ló ń ṣe é jù, lẹ́yìn náà àwọn tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, orí igi máńgòrò tàbí orí òrùlé. Àánú ló máa ń mú káwọn èèyàn sáré gbé ẹni tó ṣubú, ẹnì kan á di apá mú, èkejì á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á sì ká a kó sẹ́yìn ọkọ̀. Eegun tó ṣẹ́ tí kò tíì kan okùn tẹ́lẹ̀ lè gé e báyìí.

Bí kò bá sí iná tàbí ewu míì níbẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sọ fún un pé kó má yí orí, kí ẹnì kan sì fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má mì. Kí wọ́n pe nọ́ńbà pàjáwìrì. 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bó bá di dandan láti gbé e, kí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yí i pa pọ̀ bí ìtì igi, kí orí, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ wà ní ìlà kan, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí pákó tó le tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ. Ọkọ̀ tó bá lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ ni kí wọ́n wá.

Ohun tí ilé ìwòsàn máa ṣe

Dókítà á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Á fi òòlù kékeré lu orúnkún, á wò ó bóyá ẹni náà mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n bá fi nǹkan ṣóńṣó kàn án. Á ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú àgbàlagbà, bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bá gbé sókè dípò kó tẹ̀ wálẹ̀, ọ̀nà okùn tàbí ọpọlọ ló ní ìṣòro. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ya àwòrán. X-ray máa ń fi eegun tó rún hàn, MRI ló sì ń fi okùn náà gan-an àti ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ hàn. Owó MRI kò kéré, òun ló sì ń mú kí àwọn kan padà sílé. Kò yẹ kí wọ́n padà. X-ray tó dín owó púpọ̀ lè fi ohun tó pọ̀ hàn, dókítà sì lè ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí rẹ̀ bí ìdílé ṣe ń wá owó tó kù.

Iṣẹ́ abẹ okùn ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ yìí. Ọdún 1962 ni Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́ tó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dé sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Lónìí, irú wọn wà ní Èkó, Ilé-Ifẹ̀, Ìlọrin, Ẹnúgù, Kánò, Sókótó, Àbújá àti ibòmíràn. Àwọn ilé ìwòsàn eegun ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìgbòbì, ní Dala ní Kánò, àti ní Ẹnúgù. Ìwé tí dókítà kékeré ládùúgbò bá kọ ló máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè dá aláìsàn lóhùn níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kí ìdílé má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àdúrà kò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ohun tó ń ṣèpalára ni fífi agbára wọ́ ẹ̀yìn, jíjẹ́ kí ọmọdé gun ẹ̀yìn aláìsàn, àti fífi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ iná lára mọ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Bí ẹsẹ̀ kò bá tíì dìde

Àwọn kan á ti pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìyẹn kò ní kí ìtọ́jú dúró. Awọ ara tí kò mọ ìrora ń tètè jẹrà níbi tó bá fi sùn, pàápàá ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, lóru pàápàá, kí wọ́n máa wo ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ibùsùn gbẹ. Kí wọ́n jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rọ́bà ìtọ̀, torí pé àìsàn inú ìtọ̀ lè pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àwọn olùtọ́jú eré ìmárale bá ṣe fi hàn wọ́n. Ẹlòmíràn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ẹni tó bá sì wá lo kẹ̀kẹ́ arọ, èèyàn ṣì ni. Òfin orílẹ̀-èdè yìí, tí ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2019, ní kí ẹnikẹ́ni má yọ abirùn sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, ó sì ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà sí àwọn ilé ìlú. Ọmọ tó ní iké ṣì lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Bàbá tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ṣì ni bàbá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n á ti gbọ́ ìdájọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni pé kó má débẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá sọ lọ́sẹ̀ yìí pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì ń wúwo, kí wọ́n má ṣe béèrè ẹni tó ń bá a jà. Kí wọ́n béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún lóru, àti bóyá ìtọ̀ ń wá dáadáa. Kí wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tó ṣì lè dá gun ọkọ̀.